Òun Nìkan Ló Ti Jẹun

Àárín èrò lèmi àti olólùfẹ́ mi ti kọ́kọ́ fojú kan ara wa. Ará ìjọ wa mẹ́rìnlá tò síwájú yàrá ìgbẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́, gbogbo wọn ti ká apá aṣọ sókè. Láti Ọ̀kà ni wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì wá nítorí ìyá mi, tí kíndìnrín rẹ̀ ń kọṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nọ́ọ̀sì jáde. "Ẹ ti jẹun ṣá?"

Wọ́n wo ara wọn. Màmá Adùnọlá, Ìyá Ìjọ wa, ló dáhùn: "Ọmọ mi, ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta la ń gbà. Nítorí aláìsàn náà ni."

"Kẹ́ ẹ wá dákú sí mi lọ́rùn? Mi ò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan nínú yín o!"

Omi lé sí mi lójú. Bí mo ṣe gbójú sókè, ojú mi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró lẹ́yìn wọn. Àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn wà lẹ́nu. Ó gbé e mì kíá.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Èmi ti jẹun."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi tí mi ò rẹ́rìn-ín láti oṣù kan.

Pius lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, olùkọ́ sì ni ní Ùgbè, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló wá wò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti Màmá mu. Láti ọjọ́ tí a ti gbé Màmá padà sílé ní Ọ̀kà, bí iléèwé bá ti parí, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ó ń bá mi pọnmi, ó ń fi ìwé ọmọléèwé fẹ́ atẹ́gùn sí Màmá lára. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè mí ní "Yínká mi," ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè tijú. Mo gbórí lé e léjìká, mo sùn lọ.

Ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni. Nínú ìjọ tiwa, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lọ́kọ síta gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sáwọn àgbà, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e pamọ́ sínú Bíbélì mi.

"Ìyá mi ń béèrè ẹ," ni Pius wí. "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Olólùfẹ́ mi, àwọn obìnrin ìjọ yìí ló ń wẹ Màmá. Wọ́n ti pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn. Bí mo bá fún wọn ní lẹ́tà yìí, tí wọn ò wá mọ́ ńkọ́? Apá mi ò ká a. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ó rẹ èmi náà. Àmọ́ mi ò lọ síbì kankan."

A rò pé Màmá ti sùn.

"Ta ló ní wọn ò ní wá mọ́?" Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Màmá, ẹ sinmi."

"Oṣù méjì ni mo ti ń sinmi! Èmi ni mo ṣèlérí fún wọn pé inú ìjọ lo máa lọ́kọ sí. Ara mi le nígbà yẹn, ẹnu mi náà le. Ẹni tó ń kọrin bó ṣe ń fọ̀dí mi, ṣé ẹni tí à ń bẹ̀rù nìyẹn?" Ó mí kanlẹ̀. "Kátólíìkì, ṣé wàá tọ́jú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Máa jẹun dáadáa o. Mo ṣì lè nílò ẹ̀jẹ̀ ẹ."

Láàárọ̀ Fúráìdè, Màmá Adùnọlá gbé omi gbígbóná wọlé. Mo kúnlẹ̀.

"Mà, lẹ́tà kan rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi ìyá mi sílẹ̀."

Ó wò mí títí. "Ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń pọnmi yẹn, àbí? O rò pé a fọ́jú ni?"

Ó gbé omi náà kalẹ̀.

"Àwọn àgbà máa pariwo, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Inú tèmi náà ò dùn sí i. Àmọ́ Fúráìdè ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, Fúráìdè ni màá sì máa bọ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró, ó sì gba lẹ́tà náà.