Wọ́n Ní Ilẹ̀ Náà Ṣófo

Èèkàn mẹ́rìnlá ni Boubacar, òṣìṣẹ́ tó ń wọn ilẹ̀ fún mẹ́rì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, rì mọ́ ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà ní àdúgbò Lazaret. Nígbà tó padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹyọ kan tó dúró. Ẹnì kan ti fà wọ́n tu, ó ti tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ti bu iyanrìn lé ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tó fi dà bí ebè kéékèèké. Boubacar ní àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ṣeré. Ó tún rì wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà ló tún bá wọn.

Èmi fúnra mi lọ wò ó. Nùsáybà ni orúkọ mi, aṣọ ni mò ń tà ní Wadata. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Niamey ni wọ́n bí mi sí. Mo dúró ti àwọn ebè náà, ara mi sì tutù nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo mọ ohun tí mò ń wò.

Ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó bí mi, sánkárau jà nílùú yìí, àrùn tó máa ń mú kí ọrùn ọmọdé gan. Inú ilẹ̀ yẹn ni àwọn òbí wa sáré sin àwọn ọmọ wọn sí. Wọn ò fi àmì kankan síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sùmáyà, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lára wọn. Bàbá wa ti rìnrìn àjò lọ ra ọjà, àìsàn sì ti dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Àbdùlràhmàn, àkọ́bí wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ló gbé e lọ síbi tí wọ́n sin ín sí.

Ìdí nìyí tí gbogbo wa fi gbójú lé e. Mẹ́rì fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan. Ilé-iṣẹ́ kan ní àwọn máa kọ́ ọjà alájà méjì síbẹ̀. Òmíràn ní ibùdókọ̀ ló yẹ ẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń fẹ́ ilé-ìwé. Àwa Yorùbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tá a bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí wọ́n fi igun tí àwọn ọmọ wa wà sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ kí ẹni tó fojú rí ìsìnkú wá sọ ọ́. Nínú àwọn tó fojú rí i, Àbdùlràhmàn ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù láyé.

"Màá sọ ọ́," ó wí fún mi. "Ṣé irú èmi ló máa gbàgbé?"

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣèpàdé, obìnrin kan yà sí ìsọ̀ mi lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo oníbàárà lọ. Á tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ìbòrí rẹ̀ kún fún eruku pupa. Eruku wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá, síbẹ̀ kò ṣẹ́jú. Mo kí i ní Hausa. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, ti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́.

"Àbdùlràhmàn ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, mà. Ta ni kí n sọ pé ó béèrè wọn?"

"Bi í bóyá ó ṣì rántí bí mo ṣe wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa àpótí ìjókòó fún un. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́. Òórùn ilẹ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ló kù lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́fà tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn.

Mo jíṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń mu tíì. Ó rọra gbé ife náà sílẹ̀.

"Irú obìnrin wo?"

Mo ṣàpèjúwe rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó wí. Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn mẹ́rì kún. Ẹ̀gbọ́n mi dìde nínú káfítáànì tó lọ̀ dáadáa, ó fi Faransé sọ̀rọ̀, ó tún un sọ ní Zarma kó lè yé gbogbo èèyàn.

"Ilẹ̀ yẹn ṣófo. A ò sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀ rí. Àlọ́ àwọn ìyá àgbà ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dìde. "Bọ̀ọ̀dá! Sùmáyà ńkọ́?"

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló tẹjú mọ́, òógùn sì ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Mo yíjú síbẹ̀. Obìnrin yẹn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí iyẹ̀pẹ̀ ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ara ìbòrí rẹ̀. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ń fi ìwé fẹ́ ara wọn, bíi pé kò sẹ́ni tó dúró síbẹ̀.

Ọjà alájà méjì ni wọ́n mú. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní àtakò kọ ọ́ wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ igi dógóyárò níta.

"Kí ni wọ́n fún yín?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Mo kàn fẹ́ kí wọ́n da kọnkéré lé e lórí ni. Kó nípọn."

Ó fẹ̀yìn ti igi náà.

"Nígbà tí mo tú aṣọ ojú Sùmáyà, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí, ó lajú. Ó wò mí, Nùsáybà. Ètè rẹ̀ ń mì. Ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ti wà nídìí kòtò mìíràn, ó ní kí n yára, pé wọ́n ṣì ń gbé àwọn tó kù bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé àrùn náà ló ń wò mí. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé e."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún Màmá bí mo ṣe délé. Oòrùn ò tíì wọ̀, àyè ṣì wà láti lọ hú u."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi, kí n wá jẹun."

Màmá! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wẹ̀ wọ́n, tí mo fi fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n tó kú. Kò sí Iléyá kan tí wọn ò sunkún Sùmáyà, èmi ni mo sì máa ń nu omijé náà. Mo fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lábẹ́ igi yẹn. Mi ò dágbére.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbójú sókè nínú ìsọ̀ mi, obìnrin náà ti jókòó.

"Ó ti sọ fún ọ?"

"Wọ́n ti sọ, mà." Mi ò lè pè é ní ẹ̀gbọ́n.

"Ìwọ náà ti gbọ́ báyìí," ó wí. Ó ń wò mí, ó ń dúró dè mí, títí tí oníbàárà kan fi wọlé tó sì jókòó sórí àpótí kan náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àtakò náà. Tí mo bá dé ibi tó yẹ kí n kọ orúkọ ẹni tó sọ fún mi nípa òkú àwọn ọmọ náà, ọwọ́ mi á dúró. Wọ́n máa pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n máa bi í títí yóò fi jẹ́wọ́. Wọ́n máa máa pe orúkọ Màmá láti Wadata títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń wí fún ara mi pé lọ́la ni màá parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà pé. Mi ò mú ìwé kankan lọ.

Nígbà tí katapílà dé, èrò pọ̀. Mo dúró láàárín wọn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní òdì kejì. Katapílà náà gé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, ni awakọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sétí Boubacar. Boubacar kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí wa.

"Ta ló ń jẹ́ Nùsáybà níbí?" ó béèrè. "Awakọ̀ yìí ní ọmọdé kan ń pè é lábẹ́ ilẹ̀."

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Èmi náà wo ẹni tó dúró tì mí, bí ẹni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Boubacar tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì juwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa bá iṣẹ́ lọ.