Àkọsílẹ̀ Méjì fún Ìyá Kan

Ẹsẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń forúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ gígùn méjì nínú ìbọ̀sẹ̀ tí kò bára mu, ọ̀kan dúdú, ìkejì aláwọ̀ ewé, tí wọ́n nà síta lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ní fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ń fa wáyà lábẹ́ ibẹ̀, ó sì ń bá wáyà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí, "ṣé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ máa gbé ni?"

Ọkùnrin náà gbé orí sókè lójijì, ó sì fi gbá tábìlì gbì. Bó ṣe ń fọwọ́ ra orí jáde, ẹ̀rín ló ń rín. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí òun ló kọ ètò tuntun tí ilé ìwòsàn fi ń kó orúkọ àwọn aláìsàn pa mọ́ sórí ayélujára. Ọmọbìnrin náà ńkọ́? Akọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Ọ̀rọ̀ wáyà ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n jọ jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, ẹni tó bá ń wá ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ̀ ìkejì ló máa ń lọ.

Akọ̀wé náà ló rí àbùkù ètò ọ̀hún. "Olólùfẹ́ mi, ẹ̀rọ yín ti bí ìbejì o," ó ní. "Aláìsàn kan ṣoṣo, àkọsílẹ̀ méjì."

Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí. "Fèrèsé méjì ló béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi ìpamọ́ orúkọ sọ fún àwọn méjèèjì pé kò sí níbẹ̀, làwọn méjèèjì bá kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àyànfẹ́. Màá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ tètè ṣe é kí wọ́n tó di ìbẹta."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo gíga ọkùnrin náà tìyanutìyanu, ó ní ṣé ibi tí wọ́n ti ń tan iná ìgboro ló ti ń bọ̀ ni. Ó bu oúnjẹ kún àwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àti ọ̀sẹ̀ yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ètò náà. Ìfẹ́ dùn, iṣẹ́ sì ní sùúrù, àbí ohun tí wọ́n rò nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá Akọ̀wé gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ara ìyá náà gbóná bí iná. Wọ́n ní kí bàbá dúró síta. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń tẹ orúkọ ìyá náà nínú yàrá pàjáwìrì, bẹ́ẹ̀ ni Akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ ní fèrèsé tirẹ̀, torí kò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan falẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kan wà tí ara ìyá òun kò gbà rárá. Ó gbà pé ohun tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ, dókítà ti rí i nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ kejì, èyí tí nọ́ọ̀sì kọ, ni dókítà ṣí. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló gún. Kí wọ́n tó mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kò sá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá bàbá, ó ní òun mọ̀ nípa àbùkù náà, òun sì fi í dọ̀la. Bàbá kò pariwo. "Mo ti gbọ́," ó ní. "Má ṣe fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́."

Ọkùnrin náà tún ètò ṣe. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí ẹni ni ibi ìpamọ́ fi ń dá a mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀kejì kò lè ṣí òmíràn mọ́, ẹ̀rọ á ní kó wá fi tirẹ̀ kún èyí tó wà nílẹ̀. Ó pa àwọn àkọsílẹ̀ oníbejì pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan, ti ìyá Akọ̀wé. Láti fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, Akọ̀wé sì kọ̀.

"Nínú ọ̀kan, wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ti kú," ó ní. "Ìkejì ò tíì gbọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó fi í sílẹ̀. Wọn kì í jọ jẹun mọ́. Akọ̀wé ò lè wo ojú rẹ̀ kó má gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn. Ó wọ aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó sì rọra jókòó, ó ń dúró kó kàn án.

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín?"

Bàbá na fóònù ìyá sí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn ni: Ìyá wa, ẹ má gbàgbé àyẹ̀wò yín lónìí.

"Kì í ṣe èyí àkọ́kọ́," ni bàbá wí. "Wọ́n kàn ń pè é ṣáá ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè é kó má sẹ́ni tó máa jẹ́ ẹ."

Akọ̀wé bú sẹ́kún. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, tó sì rí bàbá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Wọlé," ni bàbá wí.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà gbé àkọsílẹ̀ méjèèjì sí ojú kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì tó máa pa wọ́n pọ̀.

"Èmi náà rẹ́rìn-ín," ó ní.

"Èmi ni mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ gbọ́wọ́ lé tèmi."

Wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ló kù, ikú sì wà nínú rẹ̀. Bàbá, tí kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, bo ojú, ó sunkún kíkan. Nígbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀, ó kọjú sí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ó ní, "Inú ṣì ń bí mi sí ọ, ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́ jù. Ẹ jọ wá jẹun lálẹ́."

Nígbà tí bàbá jáde tán, Akọ̀wé nu ojú. "Ẹ fẹ́ mi," ó ní. "Àmọ́ àwọn ọjọ́ kan á wà tí mi ò ní lè wo ojú yín."

"Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, màá wà ní yàrá kejì títí wàá fi pè mí."

"Bí mi ò bá wá pè yín ńkọ́?"

"Màá ṣì wà níbẹ̀."

Akọ̀wé gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ní ìta, àwọn aláìsàn ti ń kan fèrèsé.