Ìlà Tó Dé Igbemo

Lábẹ́ agboòrùn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ń ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dorí kodò sórí ìwé, wọ́n ń fi báírò fa ìlà kíkankíkan. Mosúnmọ́lá tó ń lọ jẹ́jẹ́ dúró gbagidi. Tíṣà ni, ojú rẹ̀ kì í rí irú èyí kó dákẹ́.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ń jíwèé wò lọ́sàn-án gangan?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí tíṣà, ẹ má nà wá o. Eré ni."

Ọmọ́níyì lorúkọ rẹ̀. Ó ní bí òun bá ṣí káàdì, àmì tó bá wà lára rẹ̀ ni kálukú ó wá lórí máàpù tirẹ̀, kó fa ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ débẹ̀. Ìlà téèyàn bá ti fà, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Máàpù Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà, ó sì kọ òfin eré náà sétí rẹ̀.

"Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, l'Ádó? Ta ló máa gbẹ́ àpáta Olóta?"

"Tẹ́ ẹ bá bá mi di ọkọ́ mú, màá gbẹ́ ẹ."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó jókòó, ó fa ìlà títí, wọ́n sì nà án lálùbolẹ̀ nínú eré náà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń ṣeré náà. Láti ọjọ́ náà, bí Sátidé ò bá tètè dé, ara rẹ̀ kì í balẹ̀; kò pẹ́, òun àti Ọmọ́níyì di olólùfẹ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá Akínyẹlé, bàbá rẹ̀, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì, kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ fẹ́ Ọmọ́níyì. Ọmọ Áńgílíkà ni wọ́n látilẹ̀. "Ọmọ ìjọ Àgùdà? Kò níí wọ ulé mi!"

Mosúnmọ́lá ò rídìí jókòó mọ́. Á gbálẹ̀ tó ti gbá, á sì tún un gbá.

"Olólùfẹ́ mi, títí dìgbà wo?" Ọmọ́níyì bi í. "Mi ò fẹ́ fẹ́ ọ ní kọ̀rọ̀."

"Mi ò lè fẹ́ ọ láìsí àdúrà bàbá mi. Mi ò sì lè fi ọ́ sílẹ̀. Ṣé ìwọ náà ti rí i?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkàn tí kò sí nílé ló jẹ́ kó gbàgbé máàpù eré náà sórí tábìlì bàbá rẹ̀.

"Mosún! Ta ló ya ìyàkuyà yìí? Igbemo, lápá ìwọ̀ oòrùn Adó? Ṣé ayé ti dorí kodò ni?" Báírò pupa ti wà lọ́wọ́ Bàbá. "Ẹni tó yà á gbọ́dọ̀ wá ṣe àtúnṣe níwájú mi!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ wọlé, bàbá mi."

"Ìyẹn lọ́tọ̀! Pè é!"

Ẹ ò rí nǹkan! Iṣẹ́ tíṣà kì í tán lára ẹni. Ọmọ́níyì dé, káàdì eré wà lápò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Igbemo, sà."

"O ò wá mọ ibi tí ìlú bàbá ẹ wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ìlú Ìyìn lápá ìwọ̀ oòrùn ni Mosún ti ń kọ́ni. Nígbà tí mo tún máàpù náà yà fún un, mo gbé Igbemo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kó má baà jìnnà sí wa."

Bàbá fa máàpù náà sọ́dọ̀.

"A kì í torí ìfẹ́ ṣí ìlú nípò," Bàbá sọ, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. Ó fi báírò pupa gbé Igbemo padà sápá ìlà oòrùn níbi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn náà ló rọra fa ìlà kan láti ibẹ̀ wá sí Adó, títí dé àdúgbò ilé òun fúnra rẹ̀.

"Ìlà tá a bá fà ńkọ́?"

"A kì í pa á rẹ́, sà."

"Sọ fún àwọn òbí ẹ kí wọ́n gba orí ìlà yìí wá. Tí wọ́n bá dé, a ó jọ jà lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yá, ṣí káàdì."

Mosúnmọ́lá fa àga, ó sì jókòó ti olólùfẹ́ rẹ̀.