Alàgbà Tí Kò Ní Káàdì

Bó bá jẹ́ pé ohùn ló ń gbé ènìyàn wọ ọ̀run ni, Alàgbà Bámijókò ì bá ti wọlé tipẹ́, wọn ì bá sì ti wá ibi gíga kan fún un níbẹ̀ láti máa ka ìkéde.

Pírínsípà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ bíbí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, alàgbà nínú ìjọ Presibitéríà kan nínú ìlú náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń ka ìkéde lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi. Oorun lè máa kun àwọn ènìyàn nígbà ìwàásù, ṣùgbọ́n bí Alàgbà bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, gbogbo ìjọ á jí.

"Ọjọ́rú, ẹ̀kọ́ Bíbélì, aago mẹ́rin ààbọ̀. N kò pe aago márùn-ún ààbọ̀ o. Àwọn tí mò ń bá wí mọ ara wọn. Ọjọ́bọ̀, ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀yin akọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú etí wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ ọkùnrin yóò ro àyíká ìjọ. Ẹni tí kò bá ní àdá, kó má wá fi ẹnu ṣe àdá."

Ìjọ á rẹ́rìn-ín. Alàgbà á dúró kí ẹ̀rín náà tán pátápátá kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ìjọ kò mọ̀. Ojú Alàgbà ti di bàìbàì. Ó ní awò ojú tó dára, ṣùgbọ́n inú àpótí ni awò ń gbé. "Awò? Ti àgbàlagbà nìyẹn," ni ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin máa ń wí. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ á ka ìkéde sí i létí, òun á sì há a sórí. Bó bá di ọjọ́ kejì, á kàn na ìwé náà síwájú, á máa wò ó bí ẹni tó ń kà á. Àwọn obìnrin á máa sọ láàárín ara wọn pé, "Ẹ tiẹ̀ wo ojú Bàbá, ó mú bí ojú àṣá."

Inú rẹ̀ á wá dùn ju inú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì lọ.

Ẹnìkan péré ló wà nínú ìjọ tí Alàgbà kì í fẹ́ rí sójú. Màmá Olúbùnmi ni, opó tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí Bíbélì rẹ̀ ti gbó ju ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Kí ni Màmá ṣe? Ẹ gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, Alàgbà na ìka sókè, ó ní, "Bíbélì wí pé ohùn ènìyàn, ohùn Ọlọ́run ni. Ẹ lọ yẹ Ìwé Òwe wò."

Màmá Olúbùnmi ti ń ṣí Bíbélì. "Ẹ ṣé o, Alàgbà. Orí kelòó ni, kí n lè rí i?"

Kò sí orí. Kò sí ẹsẹ. Alàgbà ṣí Ìwé Òwe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi pamọ́ síbẹ̀. Ẹnìkan fi imú rẹ́rìn-ín. Ó tán.

Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti wọ inú ìkéde. "Àwọn tí aṣọ wọn ń rùn gàrí, kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé." Gbogbo ojú á yí sí ibì kan náà. Bí Màmá bá kí i, á gbé ojú sí àjà bí ẹni tó ń wò ó bóyá òrùlé ń jò.

Màmá náà kì í ṣe òkú. Lọ́jọ́ kan, ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Alàgbà, gàrí tí ìyàwó yín rà lọ́wọ́ mi lánàá ńkọ́? Ṣé kò rùn nígbà tí ẹ ń jẹ ẹ́?"

Ẹ̀rín sọ. Alàgbà délé, kò jẹ ẹ̀bà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nísinsìnyí, ìlànà kan wà nínú ìjọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, alàgbà kọ̀ọ̀kan á lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò tirẹ̀. Á béèrè bí ará ilé ṣe wà pẹ̀lú Ọlọ́run àti pẹ̀lú aládùúgbò, á gbàdúrà, á sì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní káàdì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Káàdì yìí ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ní, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọdé àti àwọn àlejò.

Àwọn ará ti ń fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú òfin náà. Alàgbà Bámijókò ló jí i dìde. "Kò sí káàdì, kò sí Tábìlì," ló kéde. "Ìbáà ṣe èmi fúnra mi!"

Àdúgbò rẹ̀ ni ilé Màmá Olúbùnmi wà. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ Oúnjẹ Olúwa kan, Alàgbà gun ọ̀kadà, ó dé ilé mọ́kànlá. Nígbà tó ku ilé kejìlá, ó rí Màmá lókèèrè tó dúró lójúde. Ó ti fọ gàrí kúrò lọ́wọ́. Ó ti gbé àga síta, ó sì ti tẹ́ aṣọ funfun lé e.

Ọlọ́kadà dẹ eré. Alàgbà gbá a léjìká. "Máa lọ."

Káàdì Màmá kù sínú Bíbélì Alàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Alàgbà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn ìmúrasílẹ̀, Jacob dá a dúró. Káfíńtà ni Jacob, alàgbà bíi tirẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà nínú ìjọ.

"Pírínsípà, Màmá Olúbùnmi ní o kò yà lọ́dọ̀ òun."

"Ẹnu obìnrin yẹn ti pọ̀ jù."

"Ẹnu ta ni kò pọ̀? Ìwọ tí o ń fi tìrẹ ka ìkéde ńkọ́?"

"Jacob, má bá mi ṣeré."

"Eré kọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún lo ti ń sọ aago tí a ó pàdé Ọlọ́run fún wa. Ìwọ gan-an, ìgbà wo lo bá a pàdé? Ronú pìwà dà, ọ̀rẹ́ mi. Ìkórìíra yẹn yóò pa ọ́."

Alàgbà na àyà. "Èmi? Èmi tí bàbá mi gbé òkúta ìpìlẹ̀ ìjọ yìí kalẹ̀?"

"Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀," ni Jacob wí. "Òun náà kò tíì di àtúnbí."

Alàgbà kọ ẹ̀yìn sí i, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká. Alàgbà gbá ewé jọ lẹ́yìnkùlé, ó sì dáná sí i. Bí iná ṣe ń jó, èrò kan wá sí i lọ́kàn. Ó wọlé, ó gbé Bíbélì, ó fa káàdì kan yọ. Ó nà án jìnnà sí ojú. Ó fà á súnmọ́ tòsí. Lẹ́tà ń lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀. Ì bá pe ìyàwó rẹ̀ kó bá a kà á, ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń rán ìyàwó rẹ̀ láti ka orúkọ ẹni tó fẹ́ sun níná?

"Òun náà ni," ló wí, ó sì sọ ọ́ síná. Káàdì náà ká kọ́dọ́rọ́, ó di dúdú, ó di eérú. Alàgbà fi orin ìyìn tì í lẹ́yìn.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Alàgbà wọ agbádá funfun tó le gbagidi, ó tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Jacob ló ń gba káàdì lọ́jọ́ náà, awò rẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Alàgbà na tirẹ̀ sí i láìwo ibẹ̀, bí ọba tó ń na ọwọ́ sí ẹmẹ̀wà.

Jacob wo káàdì. Ó wo Alàgbà. Ó tún wo káàdì.

"Pírínsípà, Màmá Olúbùnmi ló wà níbí o. Tìrẹ dà?"

Alàgbà mọ ibi tí tirẹ̀ wà. Ó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí àwọn adìyẹ ti ń tàn án ká.

"Àṣìṣe ni," ló wí.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Ìwọ lo kéde rẹ̀."

Obìnrin kan lẹ́yìn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wú ohùn rẹ̀ nípọn: "Ìbáà ṣe èmi fúnra mi!"

Ẹ̀rín bú. Kò sí ẹni tó ṣàánú rẹ̀. Ta ni ì bá ṣàánú rẹ̀? Ó ti na gbogbo wọn ní pàṣán ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọkùnrin, àti onígàrí. Ó gba àárín ìjọ kọjá pẹ̀lú agbádá funfun, ó ń lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ẹnìkan ti wà níbẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé.

Màmá Olúbùnmi sún. "Ẹ jókòó. Ààyè wà."

Alàgbà jókòó bí ẹni jókòó sórí ẹ̀gún. "Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Káàdì mi kò dé. Mo gbé àga sójú ulé de yín, ẹ kọjá. Mo ní ó dáa, n ó wá sẹ́yìn, kí n máa wo àwọn ará ulé mi bí wọ́n ṣe ń jẹun."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Jacob fi dé. "Màmá, káàdì yín rèé. Ọwọ́ Alàgbà ló wà. Ó ní àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe?" Màmá yíjú pátá. "Alàgbà, ṣé àṣìṣe ló wà lẹ́yìn ọlọ́kadà ní Ọjọ́bọ̀?"

Irọ́ mẹ́ta ti tò sẹ́nu Alàgbà, èyí tó dùn jù ló ṣáájú. Ẹnu tó ti ka ìkéde fún ọdún mọ́kàndínlógún ṣí, kò sì rí èyí tó lè jáde nínú wọn. Ó rí àga tó wà lójúde lọ́kàn rẹ̀. Ó rí aṣọ funfun orí rẹ̀.

"Kì í ṣe àṣìṣe," ló wí. Ohùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Jacob fi bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́. "Mo fi pamọ́ ni. Mo fẹ́ sun ún níná lánàá. Ojú mi kò ríran mọ́. Tèmi ni mo sun."

Màmá mi orí. "Ọdún méjì gbáko! Nítorí pé mo béèrè orí kelòó!" Ó mí kanlẹ̀. "Kí n má purọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́run. Mo ti bú yín nínú ọkàn mi láti àárọ̀ títí a fi kọ orin kejì. Kí Olúwa dárí jì mí. Èmi náà ti dárí jì yín." Ó gba káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ Jacob, ó dìde. "Ṣùgbọ́n mò ń lọ jẹun o."

Ó sì lọ.

Ó ku Alàgbà nìkan pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Láti iwájú ni ohùn Pásítọ̀ ti ń bọ̀, ó ń sọ nípa ara tí a fi fúnni àti ẹ̀jẹ̀ tí a ta sílẹ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìgbà mélòó ni Alàgbà ti gbé àwo àkàrà yẹn láti ìlà dé ìlà, tó ń ronú nípa bí agbádá rẹ̀ ṣe gún? Ebi rẹ̀ kò pa á rí. Lónìí, ebi ń pa á.

Ó fi orí lé ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì tó wà níwájú rẹ̀, ó sọkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Àdúrà rẹ̀ kò ní gírámà kankan. "Jésù, mo ti sun tèmi. N kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Gbà mí bẹ́ẹ̀." Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Ó sì tó.

Jacob ló ka ìkéde lọ́jọ́ náà. Ó ṣì í kà níbi mẹ́ta. Síbẹ̀, ní Ọjọ́rú, ìjọ pé fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀run kò sì já.

Alàgbà fúnra rẹ̀ bẹ ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sẹ́yìn títí di Oúnjẹ Olúwa mìíràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ káàdì tún pé, ilé Màmá Olúbùnmi ló kọ́kọ́ yà. Ẹ̀gẹ́ ni Màmá ń bẹ lọ́wọ́.

"Háà! Alàgbà, ẹ wọ awò!"

"Kí n lè rí orúkọ yín dáadáa ni, Màmá. Ìwé Mímọ́ ní bí mo bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tí mo rántí ẹni tí mo ṣẹ̀, kí n kọ́kọ́ wá bá a làjà."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Orí kelòó ni?"

"Mátíù, orí karùn-ún." Ó na káàdì sí i. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kúrò nílé."

Ìwọ tí o ń ka ìwé kékeré yìí ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o kì í mutí, o kì í jalè, o sì mọ ọjọ́ ìkórè ju ẹni tó ń gbin iṣu lọ. Bóyá bàbá rẹ ló gbé òkúta ìpìlẹ̀ ìjọ yín. Òkúta náà ń kí ọ.

Ta ni o kì í dá lóhùn bó bá kí ọ? Ilé ta ni o máa ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó máa lọ, kó má dúró? O rò pé orúkọ rẹ̀ ni o ń sọ síná. Wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ dáadáa, orúkọ tìrẹ ni.

Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, kì í ṣe Jacob ni yóò gba káàdì, kò sì sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn níbẹ̀ láti sọkún lé lórí. Lónìí ni bẹ́ǹṣì wà. Lónìí ni Jésù ń gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Sọ òtítọ́ fún un níbi tí o wà yìí, kó o tó ká ìwé yìí sápò, kó o sì dìde lọ sí ilé tí o kọjá yẹn.

Wá jókòó. Ààyè ṣì wà.