Sítíárìn Tí Hàfísátù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

"Kọ́kọ́rọ́ dà? Hàfísátù, mo ní kọ́kọ́rọ́ dà! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àna mi ni?"

"Bàbá Ṣẹ̀rífù, mọ́tò bàbá mi lẹ fẹ́ fi fẹ́yàwó lé mi lórí? Ojú kò tilẹ̀ tì yín!"

"Bàbá rẹ ti kú! Òkú kì í wa mọ́tò!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàyà! Píjò 404 yẹn, bàbá Hàfísátù tó jẹ́ mẹkáníìkì ní àdúgbò Wadata ló fi í sílẹ̀ fún un. Sítíárìn rẹ̀ ti jẹrà, kò sì sí irú rẹ̀ láti rà mọ́. Hàfísátù, ọmọ tó dàgbà sínú gírísì, bá gé páìpù omi ṣe ọ̀pá rẹ̀, ó tú àpótí sítíárìn lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti dẹnu kọlẹ̀, ó sì jó irin mọ́ irin nínú àgbàlá wọn ní àdúgbò Dar es Salam títí iná fi bó o lápá. Làmídì ọkọ rẹ̀, Bàbá Ṣẹ̀rífù yìí, ńkọ́? Orí ẹní ló wà, ó ń mu tíì ṣáì! Ọkùnrin tí kò mọ nọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí ìṣó! Òun ló lọ sọ fún Alhaji Àbdùlràhmàn ní àdúgbò Lamordé pé òun lòun ṣe é, pé òun yóò sì fi mọ́tò náà ta á lọ́rẹ tó bá fún òun ní Fàìsàt ọmọ rẹ̀. Alhaji tó ti búra pé òun kò ní fọmọ fún ọ̀lẹ!

"Ẹ gbọ́ tèmi," Hàfísátù ní, "iṣẹ́ náà kò tíì parí. Mo gbé àpótí sítíárìn tó wà nísàlẹ̀ yẹn dojú dé nígbà tí mò ń jó o. Tẹ́ ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, òsì ni táyà ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe ná."

"Owú! Owú ń jẹ ọ́ bí ikán ń jẹ igi!" Làmídì já kọ́kọ́rọ́ gbà létí ìró ìyàwó rẹ̀.

"Àsàlámù àlékúmù!" Alhaji ti wọlé.

Ẹnu Làmídì di oyin lójijì. "Alhaji! Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ èmi ọmọ yín!"

"Máṣá Allah! Ìyálé ńkọ́, ó bá ọ ṣe é?"

"Èyí? Omi ló ń bá mi pọn. Kí ló mọ̀?"

Hàfísátù kàn gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi dóńgóyárò.

Làmídì gun mọ́tò bí ẹni gẹṣin. Géètì wà lọ́tùn-ún, ó yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Mọ́tò kọrí sósì! Olóríburúkú tún yí i sọ́tùn-ún sí i! GBÀÀ! Ó lọ kọlu igi dóńgóyárò yẹn. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a!

"Làmídì, ìwọ tó o ṣe é, o kò mọ ibi tó ń yí sí?"

"Èèdì ni, Alhaji! Obìnrin yìí ló sà sí i!"

"Ó dáa. Kí lo fi so ọ̀pá yẹn mọ́ àpótí ìsàlẹ̀?"

"Mo... mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ni."

Gọ́ọ̀mù! Hàfísátù ní kí Làmídì bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sídìí sítíárìn, ó fi mọ́tò rìn sẹ́yìn, ó yí ọwọ́ sósì, mọ́tò sì yà sọ́tùn-ún wẹ́rẹ́ gba ẹnu géètì jáde. Ó pa á, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Alhaji, ẹ má bínú. Mọ́tò bàbá mi kì í ṣe ohun tẹ́nìkan lè fi ta yín lọ́rẹ."

Alhaji wo ojú ibi tí iná ti bó Hàfísátù lápá. Ó yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Fàìsàt, tú ẹrù tó o dì. Ọkùnrin tí mo wá wò kò sí nílé yìí."