Nọ́ńbà Ọ̀rẹ́ Tí Wajaj Mú Wá

"Ta ló nu ìṣirò mi kúrò?"

Ọ̀rọ̀ tí Tamimt kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Wajaj nìyẹn, lọ́jọ́ tí Sidi Yeder, bàbá Tamimt, gbà á sílé ìkọ́ṣirò rẹ̀ ní Marakéṣì.

"Èmi ni. Kò tọ̀nà." Tamimt ń da iyanrìn tuntun sórí pátákó tí wọ́n ń ṣírò lé, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Àbí iṣẹ́ bàbá ẹ lo fẹ́ gbà?"

"Kọ́kọ́ mọ tìẹ ṣe ná."

Wajaj bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá ọmọ ọlọ́mọ.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n nílé àwọn oníṣirò, ẹni tó ń fẹ́yàwó kì í wá lọ́wọ́ òfo. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ méjì ló ń mú wá. Bí o bá ro gbogbo nọ́ńbà kéékèèké tó pín èkíní dọ́gba pọ̀, èkejì ni yóò jáde. Bí o bá ṣe ti èkejì bẹ́ẹ̀, èkíní ni. 220 àti 284 ti di ti ọmọdé. Tuntun ni àna ń fẹ́.

Wajaj mú 2,024 àti 2,296 wá. Sidi Yeder ní kó padà wá ní Jímọ̀, òun á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ara Tamimt kò gbà á, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. 2,024 fún un ní 2,296 géérégé, inú rẹ̀ dùn. Ó wá yí sí 2,296. Àròpọ̀ tirẹ̀ kọjá 2,024 lọ jìnnà. Ó sáré lọ bá Wajaj lẹ́bàá kànga.

"Ìlọ́po mẹ́jọ 287 ni 2,296, o sì gbà pé kò sóhun tó lè pín 287. Méje pín in!"

"Irọ́ ni!" Ó fi ìka ṣírò, òógùn bò ó. "Mo gbé. Bàbá ẹ á lé mi."

"Kò ní lé ẹ, ìfẹ́ mi. Mo ti wá òmíràn. Gba 17,296 àti 18,416."

"Ẹyinjú mi! Ìwọ lo ni mí."

Ní Jímọ̀, Wajaj fi méjì yìí rọ́pò ti àkọ́kọ́, gbogbo àgbàlá sì hó yèè. "Ta ló bá ọ ṣe é?" ni Sidi Yeder bi í.

"Èmi nìkan ni, Sidi."

Tamimt rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó rò pé nítorí àwọn méjèèjì ló ṣe ń pa irọ́ náà.

Òkìkí Wajaj kàn dé ọ̀dọ̀ adájọ́ ìlú, adájọ́ sì fi ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ̀ ọ́ pé kó fẹ́. Wajaj gbà, nọ́ńbà méjì yẹn kan náà ló sì gbé lọ síbẹ̀. Kò lójú láti wá sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló rán wá pé kí wọ́n má bínú. Tamimt sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ adájọ́ dé. Àgbà oníṣirò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni nọ́ńbà náà, kí wọ́n tó so yìgì. Sidi Yeder pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé ọkọ rẹ ni yóò jẹ́." Bàbá kò lè wo ojú rẹ̀. "Bí mo bá ní wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, kò sẹ́ni tó máa já mi nírọ́. Ìgbéyàwó náà dàrú nìyẹn. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

Tamimt fẹ́ kó dàrú. Ó fẹ́ ẹ dọ́kàn. Ó tún ìṣirò náà wò látòkè délẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, Bàbá," ó ní. "Ẹ fọwọ́ sí i."