Ìràwọ̀ Tó Ń Fa Ẹnìkejì Rẹ̀ Gbẹ

"Òkí, jọ̀ọ́, wá bá mi jókòó ti iná yìí. Èéfín ti dí mi láyà."

Aníwúrà ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń já bí ohùn ẹni tó sáré gun òkè. Ilé èmi Màmá Lérè àti tiwọn kọjú síra ní Ìjù-Odò, kò sí ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìnkùlé wọn tí n kì í gbọ́. Púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n mọ roboto láti tà, ló ń gbẹ lórí àjà iná. Ẹni tó bá sì ń gbẹ púpurú, ìdí iná ni yóò wà. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ kan á jóná. Bí iná bá kú, inú rẹ̀ á bà jẹ́. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni Aníwúrà ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó jókòó ti iná yìí, kí àbúrò rẹ̀ lè máa kàwé lọ. Ikọ́ fée sì wà lára rẹ̀ láti kékeré.

Àbúrò ọ̀hún, Òkìkíolúwa tí a ń pè ní Òkí, jókòó sábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé mi, níbi tí èéfín kò dé. Ọjọ́ kejì ni ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Òkìtìpupa. Ẹni tó bá gbégbá orókè, wọ́n á rán an lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Desmond ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Òkí fẹ́ lọ sọ níbẹ̀.

"Àǹtí mi, mò ń kàwé!"

"Díẹ̀ péré ni. Kí n sáré dé ọsibítù, kí wọ́n fún mi ní oògùn tí mo máa ń fín sẹ́nu. Ti ọwọ́ mi ti tán."

Òkí dìde. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ọmọ náà, ó dìde. Desmond ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o tún fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní Òkí Eléèéfín lọ́la ni? Irun rẹ á máa rùn lórí pèpéle. Àwọn ọmọ Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ á kàn máa di imú ni."

Orúkọ yẹn máa ń dùn ún wọ eegun. Nítorí rẹ̀ ni Aníwúrà ṣe fọ aṣọ ilé-ìwé funfun rẹ̀, tó lọ̀ ọ́, tó gbé e wá kọ́ sí yàrá mi, kí èéfín má baà dé ibẹ̀. Òkí wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo Desmond, ó sì tún jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí n ti ìdíje dé ná, Àǹtí mi. Tí mo bá dé, èmi fúnra mi ni máa mú yín lọ."

"Kò burú." Kò burú ṣáá ni ti ọmọ yẹn! Mo ní kí n wá gbà á nídìí iná, ó ní orúnkún mi kò lè gbà á.

Ọ̀gbẹ́ni Mákánjúọlá, tíṣà wọn, ló ròyìn bí ìdíje náà ṣe lọ fún mi. Ó ní Òkí sọ̀rọ̀ tí gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́.

"Bí àwọn ìràwọ̀ ńlá kan bá kú," ni Òkí wí, "wọ́n á sún kì títí tí wọn kò fi ní fẹ̀ ju ìlú kan lọ, síbẹ̀ wọ́n á wúwo ju oòrùn lọ. Wọ́n á máa yí, wọ́n á máa tàn. Púlúsà là ń pè wọ́n. Bó bá pẹ́, á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á dákẹ́. Àmọ́ ìṣù ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run, roboto bíi púpurú, ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ ló há mọ́ra nínú rẹ̀. Níbẹ̀, púlúsà tó ti dákẹ́ lè rí ìràwọ̀ mìíràn fi ṣe ẹnìkejì. Á máa fa ara ẹnìkejì náà sọ́dọ̀. Ohun tó ń fà yẹn ló ń mú un tún máa yí, títí á fi máa yí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà náà ló máa ń tan ìtànṣán gámà. Ojú wa kò lè rí i, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ sókè ọ̀run ló ń rí i."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Adájọ́ kan, Dókítà Mobọ́lá, rẹ́rìn-ín músẹ́. "O káre. Ẹnìkejì yẹn ńkọ́? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i?"

Òkí mọ̀ ọ́n. "Ó ń rù ni, mà. Ìtànṣán púlúsà náà tún máa ń sun ún. Nígbà mìíràn, ó máa ń..." Ó wo aṣọ ilé-ìwé tí àǹtí rẹ̀ lọ̀ fún un.

"Ó máa ń ṣe kí ni?"

"Ó máa ń tán, mà."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ tíṣà rẹ̀ mú. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ikọ́ tí mo ń gbọ́ láti ìdájí dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́ yẹn ló gbé mi dìde. Mo bá Aníwúrà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo pariwo, wọ́n bá wa wá mọ́tò, a gbé e. A kò tíì dé ọsibítù ní Òkìtìpupa tó fi kú sórí itan mi. Áà! Ọmọ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ padà, ẹ̀yìnkùlé wọn ni mo kọ́kọ́ lọ. Òkí wà nídìí iná nínú aṣọ ilé-ìwé funfun yẹn, èéfín bò ó. Púpurú ti jó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Màmá Lérè, ọsibítù ni Àǹtí mi lọ, àbí? Mò ń bá wọn yí i. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sinmi."

Mo jókòó tì í nídìí iná. Fóònù tíṣà rẹ̀, tó bá a wálé, ló dún: wọ́n ní Òkí ló gbégbá orókè.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kàwé, ẹ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń gbẹ nítorí yín, kí ẹ sì dìde lọ́jọ́ tó bá pè yín, ẹni yòówù kó fi yín rẹ́rìn-ín. Òkí ní tí òun bá dé, òun á mú un lọ. Ó dé lóòótọ́, kò bá a.